Bánà ẹsẹ̀ 8 sí 4: lẹ́tà kéré bí èèrà, fọ́tò ń fọ́. Ẹ gbà mí o

Onísẹ́ńtà Kàbà

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò fẹ́ kó ní àbùkù kankan: bánà flex fún ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ìjùmú, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gíga. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n máa so ó sí, kí àlejò lè mọ ibi tí wọn yóò yà sí. Photoshop CS6 ni mò ń lò, RAM kọ̀ǹpútà mi sì jẹ́ 4 GB.

Photoshop kò ní ẹsẹ̀ bàtà nínú àwọn ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà mo kọ 96 ínṣì sí 48, mo fi Resolution sí 300 bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kọ̀ǹpútà ò lè mí mọ́. Mo lọ sí Image > Image Size, mo sọ 300 di 72. Kò fúyẹ́ rárá, rúlà sì wá ń sọ fún mi pé ìbú bánà ti di 400 ínṣì. Báwo ni 96 ṣe di 400?

Lẹ́tà ńkọ́? Mo yan 72, òun ló tóbi jù nínú àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ orúkọ ìyá kéré bí èèrà. Fọ́tò tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp jẹ́ 960 × 1280. Tí mo bá gbé e wọlé, igun kan ló há sí. Tí mo bá fà á kó tóbi, ojú ìyá ń fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

---

Ọmọ Ẹgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tèmi náà rèé. Láti ìgbà tí mo ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, gbogbo lẹ́tà inú Photoshop ti kéré débi pé ojú ń dùn mí. Àti File, àti Edit, àti àwọn irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti yí Image Size títí, kò yí padà. Màá dúró gbọ́ ìdáhùn.

---

Atẹ̀bánà Lọ́kọ́jà

Ọ̀kún o, àbúrò. Kú iṣẹ́. Iṣẹ́ bánà ni mò ń ṣe, irú fáìlì báyìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Kàbà, láti Mọ̀pà, láti Ìsánlú, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wa ń pè ní sáìsì. Iye píksẹ̀lì, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni ti àkọ́kọ́, òun nìkan ló wà nínú fáìlì ní ti gidi. Ínṣì ni ìkejì: ààyè tí àwọn píksẹ̀lì yẹn yóò gbà lórí ohun tí a bá tẹ̀ wọ́n sí. Resolution ló ń so àwọn méjèèjì pọ̀, ó ń sọ iye píksẹ̀lì tí yóò jókòó sínú ínṣì kan. Ẹ̀kẹta ni bí iṣẹ́ ṣe rí lójú lórí skríìnì, zoom ló ń pinnu ìyẹn, kò sì kan ìtẹ̀wé rárá. Tí sáìsì bá dà rú, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, kí o tó tẹ bọ́tìnì kankan.

Ó yá, wo tìrẹ. 96 ínṣì lọ́nà 300 jẹ́ 28,800 píksẹ̀lì. 48 lọ́nà 300 jẹ́ 14,400. Kí o tó gbé fọ́tò kankan wọlé, ojú-ìwé òfìfo yẹn nìkan ti ju 1 GB lọ nínú kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Bí ó bá jẹ́ bánà ẹsẹ̀ 10 ni, ìbú rẹ̀ ì bá di 36,000, PSD, irú fáìlì tí Photoshop fi ń tọ́jú iṣẹ́, ò sì gbà ju 30,000 píksẹ̀lì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. PSB, irú fáìlì Photoshop mìíràn, ló lè gba jù bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, bí 96 ṣe di 400. Nísàlẹ̀ fèrèsé Image Size, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Resample Image sí. Tí kò bá sí àmì nínú rẹ̀, Photoshop ò ní fọwọ́ kan píksẹ̀lì kan ṣoṣo. Ìwọ ní kó fi 72 sínú ínṣì kan dípò 300. Ó gbọ́ràn: ó kó 28,800 kan náà, ó tú wọn ká, 28,800 pín sí 72 sì jẹ́ 400. Ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ! Ìdí nìyẹn tí kò fi fúyẹ́, nítorí pé kò sí ohun tó jáde nínú fáìlì.

Tẹ Ctrl+Z kó padà sí 300. Wọ Image Size lẹ́ẹ̀kan sí i, fi àmì sí Resample Image, kọ 72 sí Resolution, kí o sì rí i dájú pé 96 àti 48 ṣì wà níbẹ̀. Òkè fèrèsé yóò fi 6912 × 3456 hàn, ìwọ̀n fáìlì yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 68 MB.

---

Oníwèé Ètò, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ 72 yẹn. 300 ni wọ́n ń lò kárí ayé. Mo ti fi 72 ṣe ìwé ètò ìsìnkú rí, gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ ló jáde bàìbàì, àwọn ẹbí ò sì dákẹ́ títí di òní. Ẹ má jẹ́ ká gba ọmọ ọlọ́mọ nímọ̀ràn tó máa kó ìtìjú bá a.

---

Atẹ̀bánà Lọ́kọ́jà

Ẹ ṣeun mà, ẹ tọ̀nà lórí ìwé ètò. Ìwé tí èèyàn ń mú lọ́wọ́, tí ojú ò ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí i lọ, 300 ló yẹ ẹ́. Ojú-ìwé A5 ní 300 jẹ́ 1748 × 2480, A4 jẹ́ 2480 × 3508. Ẹ má dín in kù.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ dúró níwájú bánà ẹ̀gbẹ́ títì ní ẹsẹ̀ bàtà kan? Bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí nǹkan ni ojú rẹ̀ ṣe ń so àwọn píksẹ̀lì pọ̀ mọ́ra. Fún flex, 72 sí 100 ló ń jáde dáadáa lọ́wọ́ wa. Fún bánà tó ga jù, tó sì jìnnà jù, Resolution tilẹ̀ lè kéré sí i, kò burú. Ibi tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ kọ́ ló ń sọ Resolution, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́.

---

Oníwèé Ètò, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ìwé lọ́wọ́, 300. Bánà lójú títì, 72 sí 100. Mo gbà.

---

Onísẹ́ńtà Kàbà

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. 6912 × 3456 ló wà níbẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà sì ń sáré. Fọ́tò ìyá náà tóbi sí i nígbà tí mo tún gbé e wọlé, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà nìkan ló ṣì kéré.

---

Àǹtí Ayàwòrán, Ìsánlú

Ọ̀kún o, ọmọ Kàbà. Fọ́tò náà ò tóbi o, ojú-ìwé ló kéré sí i. Píksẹ̀lì 960 lórí 28,800, ìdá kan nínú 30 ni. Lórí 6912, ó dín díẹ̀ ní ìdá kan nínú méje. Fọ́tò kan náà ni, 960 kan náà ni. Tí o bá ń gbé nǹkan láti fáìlì kan sí òmíràn, píksẹ̀lì ni Photoshop ń kà, kò ka ínṣì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́tò tán, torí ojú ìyá ni àwọn ẹbí máa kọ́kọ́ wò. Tí o bá na 1280 yẹn kó kún gbogbo gíga bánà, ìyẹn ínṣì 48, píksẹ̀lì 27 péré ló máa bọ́ sínú ínṣì kan. Kò dára tó. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, bí mo sì ṣe máa tò wọ́n ni mo fẹ́ kí o gbìyànjú wọn.

Bẹ ọmọ tó ni fọ́tò náà kó tún un fi ránṣẹ́, kó má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò o. Kó tẹ àmì ìsopọ̀, kó yan Document. Tí WhatsApp bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo wa mọ̀, ó ń dín in kù. HD tí wọ́n fi kún un ní 2023 sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n Document ló ń gbé e wá láìfọwọ́ kàn án. Tí ó bá jẹ́ fóònù mẹ́gápíksẹ̀lì 12 ni wọ́n fi yà á, 3000 × 4000 ló yẹ kó dé ọwọ́ rẹ, ìyẹn á sì fún ọ ní 83 nínú ínṣì kan lórí gbogbo gíga bánà.

Tí ó bá jẹ́ fọ́tò àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n kọ́ sí ògiri pálọ̀, tí ẹnì kan kàn fi fóònù yà, sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú férémù, kí wọ́n gbé e wá. Fi skáànà kà á ní 600 píksẹ̀lì nínú ínṣì kan. Fọ́tò ínṣì 4 sí 6 máa di 2400 × 3600. Lórí ínṣì 48, ìyẹn jẹ́ 75 nínú ínṣì kan, o ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà ti gbé ayé kí fóònù tó dé, fọ́tò tó rẹwà jù lọ nípa rẹ̀ lè máà sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Mo máa ń béèrè ní gbogbo ìgbà.

Tí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe nínú méjèèjì, má fi fọ́tò kún bánà. Fi í sí férémù tó ga tó ínṣì 24 lápá òsì, 53 ló máa bọ́ sínú ínṣì kan, ó sì máa dára láti ọ̀nà jíjìn. Tí o bá fẹ́ sọ píksẹ̀lì di púpọ̀, yan Bicubic Smoother ní Image Size, ṣùgbọ́n mọ̀ pé kò lè dá irun orí àti ojú padà tí fọ́tò ò bá ní i tẹ́lẹ̀.

Ó ku kan: kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí lẹ́yà rẹ̀ (ìpele tí fọ́tò náà wà, tí wọ́n ń pè ní layer), yan Convert to Smart Object. Láìṣe bẹ́ẹ̀, tí o bá sọ ọ́ di kékeré, tí o wá tún nà án tóbi, ohun tó ti sọnù kì í padà mọ́.

---

Atẹ̀bánà Lọ́kọ́jà

Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Èmi á gba ti lẹ́tà.

Pọ́íǹtì 72 ni ínṣì 1. Ohun tó jẹ́ nìyẹn lórí ìwé, lórí bánà, níbikíbi. Nítorí náà, nígbà tí o yan 72 lórí bánà ínṣì 96, ohun tí o béèrè ni lẹ́tà tí kò tó ínṣì kan ní gíga, Photoshop sì fún ọ. Mo ní kò tó ínṣì kan nítorí pé pọ́íǹtì ń ka ààyè òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Lẹ́tà ńlá fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 7 nínú 10.

Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú àpótí yẹn kì í ṣe òpin. Pa 72 rẹ́, kí o fọwọ́ ara rẹ kọ ohun tí o fẹ́. Báwo lo ṣe máa mọ ohun tí o fẹ́? Àwa tó ń ṣe pátákó ń lo ínṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 10. Tí ẹni tó máa kà á bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 40, lẹ́tà ńlá gbọ́dọ̀ ga tó ínṣì 4. Láti gba ínṣì 4, o nílò nǹkan bí pọ́íǹtì 410. Mọ́tò kì í sì í dúró kàwé, nítorí náà fi orúkọ ìyá sí 600, kí o pín in sí ìlà méjì tó bá gùn. Àmì tó ń tọ́ àlejò sọ́nà, 400 ó kéré tán. Ìlà àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè jẹ́ 150, àwọn tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ló máa kà á.

Má wo bó ṣe rí lórí skríìnì nígbà tí gbogbo bánà bá wà lójú rẹ. Ínṣì 96 ni wọ́n fún pọ̀ sínú skríìnì kékeré yẹn. Rúlà ni kí o máa wò. Fa ìlà gáìdì méjì, kí o wọn gíga lẹ́tà.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀pà

Ẹ kú ìjókòó o. GIMP, ètò àwòrán mìíràn bíi Photoshop, ni èmi ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn bíi tèmi, ohun tó dà wá láàmú jù nínú Photoshop rọrùn níbẹ̀. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín Image Size sí. Image > Print Size ń yí ínṣì nìkan, kì í fọwọ́ kan píksẹ̀lì. Image > Scale Image ló ń yí píksẹ̀lì. Kò sí àpótí kékeré tí èèyàn á gbàgbé.

Ẹsẹ̀ bàtà náà wà nínú àwọn ìwọ̀n rẹ̀. Ní File > New, ẹ kọ́kọ́ ṣí Advanced Options, ẹ yí resolution kúrò ní 300 sí 72, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan feet, kí ẹ kọ 8 àti 4. Ó máa fún yín ní 6912 × 3456 náà.

Ti lẹ́tà nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Px, ìyẹn píksẹ̀lì, ni GIMP ń fi ka lẹ́tà tí ẹ ò bá yí i, kì í ṣe pọ́íǹtì. Ní 72, px 600 àti pọ́íǹtì 600 bára mu. Ní 300, pọ́íǹtì 12 jẹ́ px 50. Ẹni tó bá fi px 12 kọ̀wé sórí A4 ní 300 ò ní rí nǹkan kan kà.

---

Ọmọ Ẹgbẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Àwọn lẹ́tà inú Photoshop fúnra rẹ̀ ńkọ́? Skríìnì mi jẹ́ 3840 × 2160.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀pà

Ẹ má bínú. Tiyín ò kan fọ́tò rárá, ẹ fi Image Size sílẹ̀. Skríìnì yín ló ní píksẹ̀lì tó pọ̀ nínú àyè kékeré, Photoshop sì ń ya bọ́tìnì rẹ̀ ní iye píksẹ̀lì àtijọ́. CS6 jáde ní 2012, kò ní ètò tó ń sọ gbogbo ojú rẹ̀ di ńlá. UI Font Size tó wà ní Edit > Preferences > Interface ń ran lẹ́tà lọ́wọ́ díẹ̀, kì í kan àwọn irinṣẹ́. CC 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ fi 200% sí fún Windows, àwọn tó tẹ̀ lé e wá ní UI Scaling.

Tí ẹ bá máa dúró lórí CS6 ní Windows 10: ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí àmì Photoshop, Properties, Compatibility, Change high DPI settings. Ẹ fi àmì sí Override high DPI scaling behavior, kí ẹ yan System. Ẹ ti Photoshop pa, kí ẹ tún un ṣí. Ojú rẹ̀ máa rí bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i kà.

---

Ọmọ Ẹgbẹ̀

Ó ti ṣiṣẹ́! Mo rí File láìfi ojú súnmọ́ ọn. Mo dúpẹ́ gan-an ni.

---

Onísẹ́ńtà Kàbà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọ ìyá kan ní fọ́tò férémù ṣì wà nílé, wọ́n á gbé e wá lọ́la kí n kà á sí skáànà. Orúkọ ti di 600, ó kún ojú. Nǹkan méjì ló kù. Ìlà kejì gun orí ìlà kìíní, wọ́n wọnú ara wọn. Èkejì, àwọn lẹ́tà kan bíi ẹ̀ àti ọ́ rí bákan, wọ́n tóbi ju àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ, bẹ́ẹ̀ 600 kan náà ni gbogbo wọn.

---

Olùkọ́ Ìyàrà

Èmi ni kí n dáhùn èyí, ó ń dùn mí lọ́kàn. A máa ń kọ orúkọ àwọn òkú wa láìní àmì torí pé fọ́ǹtì ò gbà, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n fi sin ìyá yẹn gbọ́dọ̀ pé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́ǹtì tí o yàn kò ní ẹ àti ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀. Photoshop ò fẹ́ fi àpótí òfìfo síbẹ̀, ó lọ yá lẹ́tà náà nínú fọ́ǹtì mìíràn. Ìtò kan wà fún un ní Preferences > Type, Enable Missing Glyph Protection. Pọ́íǹtì 600 nínú fọ́ǹtì kan kì í ga tó pọ́íǹtì 600 nínú òmíràn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi bára mu. Fi kọ́sọ̀ sórí ẹ̀ yẹn nìkan, wo orúkọ fọ́ǹtì lókè, wàá rí i pé ó yàtọ̀.

Lo fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá: Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Mú gbogbo orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí o yan ọ̀kan nínú wọn. Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní. Àmì ohùn ni a ń gbé lé e lórí lẹ́yìn náà. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún un máa gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ní Photoshop CC, tó sì rí World-Ready Layout nínú àkójọ ètò Paragraph, kó yan án, ó ń ran ìjókòó àmì lọ́wọ́.

Ti ìlà tó gun ara wọn, Leading ni, ìyẹn ààyè láti ìlà kan sí èkejì. Nọ́ńbà ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ìgbà tí lẹ́tà ṣì kéré, kò sì tẹ̀ lé ọ lọ sí 600. Tí o bá yan Auto, ó máa lo ìdá 120 nínú 100. Kò tó fún Yorùbá, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Fi 840 sí i fún lẹ́tà 600 yẹn, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní má kan àmì òkè ìlà kejì.

---

Onísẹ́ńtà Kàbà

Olùkọ́, Noto Serif ni mo lò. Gbogbo lẹ́tà ti jókòó ní ìpele kan náà, orúkọ náà sì pé pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀ sà.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́jà, báwo ni kí n ṣe fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́?

---

Atẹ̀bánà Lọ́kọ́jà

Tọ́jú PSD rẹ sílé pẹ̀lú lẹ́tà tó ṣì ṣeé tún kọ, torí àwọn ẹbí máa ń yí ọjọ́ padà. Lẹ́yìn náà, Layer > Flatten Image, Save As, TIFF pẹ̀lú LZW, tàbí JPEG Quality 12. Kọ ìwọ̀n sínú orúkọ fáìlì, báyìí: isinku_8x4ft. Tí o bá fẹ́ lo WhatsApp, Document náà ni, bí Àǹtí ṣe sọ.

Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, rí i pé kò sí lẹ́tà tàbí ojú ẹnikẹ́ni nínú ínṣì 3 tó wà létí bánà yíká. Ibẹ̀ ni wọ́n máa lu ihò okùn sí.

---

Onísẹ́ńtà Kàbà

Ìlà àwọn ọmọ-ọmọ wà ní ínṣì 1 sí etí ìsàlẹ̀. Mo ń gbé e sókè báyìí.